Ọjọ́ márùn-ún lọ́dọ̀ àwọn apẹja Ilé-Ifẹ̀: àwọ̀n, kámẹ́rà àti òjìjí kan

Ọjọ́ Kìíní, Ajé

Gbogbo ẹni tí mo sọ fún pé mo ń lọ ya fọ́tò àwọn apẹja ní Ilé-Ifẹ̀ ló fi mí rẹ́rìn-ín. “Omi wo ló wà ní Ifẹ̀?” Ẹ̀gbọ́n mi kan ní bóyá Ẹ̀pẹ́ ni mo fẹ́ pè tí ahọ́n mi yọ̀. Mi ò bá a jiyàn. Mo ti jẹ àrọ̀ ní Lagere rí, mo sì mọ̀ pé ẹnì kan ló mú un.

Mo wọ ọkọ̀ ní Ìwó Road n'Ìbàdàn lẹ́yìn aago méje àárọ̀. ₦3,500 ni owó ọkọ̀. Agbèrò ní kí n gbé àpò kámẹ́rà sí búùtù, lórí kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan tí ìdérí rẹ̀ kò le. Mo kọ̀, ó gba ₦500 lé e, mo sì gbé àpò mi lé itan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa gbé lẹ́ńsì rìn, ẹ ti ka irú owó bẹ́ẹ̀ mọ́ owó ọkọ̀ yín látilé.

Mo ti bá dẹ́rẹ́bà sọ ọ́ pé kó já mi sílẹ̀ ní Aṣéjire. Odò Ọ̀ṣun ni wọ́n sé níbẹ̀, lára omi rẹ̀ sì ni Ìbàdàn ń mu. Ọ̀rọ̀ odò yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ìgèdè-Èkìtì ló ti ṣẹ̀ wá, ó gba Òṣogbo kọjá, níbi tí ìtàn ti sọ pé ẹja bọ́ sọ́wọ́ ọba Láròóyè, tí wọ́n fi pe ọba ní Atẹ́wọ́gbẹja, tó wá di Àtàọ́jà. Nínú igbó Ọ̀ṣun níbẹ̀, èyí tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2005, èèwọ̀ ni kéèyàn pẹja. Ẹja tó bá wá ṣe àṣìṣe, tó wẹ̀ kúrò níbẹ̀ dé Aṣéjire, epo gbígbóná ló ń dúró dè é.

Àwọn ìyá tó ń ta ẹja díndín jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo kí ọ̀kan nínú wọn, mo ra epiya mẹ́ta ní ₦2,000, ó fi kékeré kan ṣe èènì. Ìgbà tí mo jẹ ẹ́ tán ni mo bi í pé níbo làwọn apẹja wà. Ó wo oòrùn, ó wo èmi. “Ọmọ mi, ṣé ìsinsìnyí lo ń bọ̀? Wọ́n ti sùn.” Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù! Ọkọ̀ méje ni mo kà létí omi, gbogbo wọn ti dojú dé. Mo ya ìdí ọkọ̀ méje, mo padà sí títì, mo wọ ọkọ̀ míì.

Ní Ìkirè, àwọn ọmọ sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ wa pẹ̀lú dòdò Ìkirè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà tí wọ́n fi ata dín, tó dúdú bí ìdí ìkòkò. ₦500 ni mo fi ra tèmi. A kọjá Gbọ̀ngán díẹ̀ ni táyà ẹ̀yìn fọ́ gbàù. Dẹ́rẹ́bà ní sípíà táyà, kò ní jáàkì. A wà níbẹ̀ nínú ọyẹ́ àti eruku fún bíi wákàtí kan kí bàbá àgbẹ̀ kan tó ń ti oko bọ̀ lórí máṣíìnì tó dúró. Ó wo táyà, kò sọ nǹkan kan, ó padà lọ sílé, ó sì gbé jáàkì wá. Kò gba kọ́bọ̀. Ohun tó gbà ni pé kí n ya òun àti máṣíìnì òun, kí n fi ránṣẹ́ sóun lórí WhatsApp. Fọ́tò yẹn ló dáa jù nínú gbogbo èyí tí mo yà lọ́jọ́ náà.

Màmá Modákẹ́kẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ti gún iyán dè mí. Ẹ̀gúsí ni ọbẹ̀, ẹran ló wà níbẹ̀. Mo béèrè ẹja. “Ẹja lo wá yà, kì í ṣe òun lo wá jẹ.”

Ọjọ́ Kejì, Ìṣẹ́gun

Adágún Ọ̀pa wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Lọ́dún 1978 ni wọ́n sé odò náà kí yunifásítì lè rómi lò. Ẹ má gbé kámẹ́rà yọ́ wọ ibẹ̀ o. Omi tí èèyàn ń mu ni, ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè. Ọmọ Màmá ló bá mi rìn ín lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, òun náà ló mú mi mọ Bàbá.

Ará Ìlàjẹ ni Bàbá, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Etí òkun ni wọ́n bí i sí, ó ní omi iyọ̀ ti sú òun. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣe é.

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ ni ọ̀kadà já mi sílẹ̀. ₦700, torí òkùnkùn. Ọyẹ́ mú, omi sì ń yọ èéfín bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀ tútù. “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ kú ewu omi.” Ó dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n kò wo kámẹ́rà rárá, ẹsẹ̀ mi ló ń wò.

“Bọ́ bàtà yẹn. Ṣé o mọ̀ ọ́n wẹ̀?”

“Díẹ̀díẹ̀, sà.”

“Omi ò mọ díẹ̀díẹ̀.” Ó na ìlàjì kẹ́ẹ̀gì kan tí wọ́n gé sí mi. “Máa gbọ́n ọn.”

Bí mo ṣe di agbọ́nmi nìyẹn. Ibi tí pákó méjì ti pàdé nínú ọkọ̀ náà ń jò. Wọ́n ti fi òwú àti ọ̀dà dí i, omi ṣì mọ ọ̀nà tirẹ̀. Mo gbọ́n ogún, mo sinmi, mo tún gbọ́n ogún. Kámẹ́rà wà nínú ọ̀rá lọ́rùn mi bí ọmọ tó ń sùn. Àwọn kùkùté igi tí adágún ti bò mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá wà lábẹ́ omi, Bàbá sì mọ̀ wọ́n nínú òkùnkùn bí ẹni mọ àga inú yàrá rẹ̀. Á ní “ọ̀tún”, ọkọ ọmọ rẹ̀ á yí àjẹ̀, a ó sì gbọ́ tí igi ń ha ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ fẹ́ẹ́.

Kí n jẹ́wọ́ ohun tó gbé mi wá: àwọ̀n tó ń fò ni mo ń wá, èyí tó máa ń tẹ́ gbẹrẹgẹdẹ lójú ọ̀run bí agbòjò, irú èyí tó wà nínú káléńdà. Ohun tí wọ́n ń ká láàárọ̀ yìí kò jọ ọ́. Àwọ̀n gbọọrọ tí wọ́n ti dẹ sílẹ̀ lálẹ́ ni. Ègé sílípáàsì àtijọ́ ni wọ́n so mọ́ etí rẹ̀ lókè kó lè léfòó, òjé sì wà nísàlẹ̀ tó ń fà á wálẹ̀, ó wá dúró bí ògiri nínú omi. Mo ka sílípáàsì búlúù mọ́kànlá, pupa mẹ́ta, àti ọ̀kan tí ojú ìka ẹsẹ̀ ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣì wà lára rẹ̀.

Ọwọ́ Bàbá ni kí ẹ wá wò. Epiya á ki orí bọ ojú àwọ̀n, etí rẹ̀ á há, kò ní lè lọ síwájú, kò ní lè padà. Bàbá kì í fà á. Á fi àtàǹpàkò àti ìka kan tẹ etí rẹ̀ méjèèjì pa dé, á tì í síwájú bí ẹni ń ki bọ́tìnì bọ ihò rẹ̀, ẹja á sì jáde lódìkejì láìmọ̀ pé òun há rí. Kò gbà á ju kí èèyàn ka ení, èjì, ẹ̀ta. Mo gbìyànjú ẹyọ kan. Ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ gún mi, mo fà á, ojú àwọ̀n mẹ́ta já. Bàbá kò bú mi. Ó kàn fọwọ́ kan àwọn ihò náà níkọ̀ọ̀kan, ó kà wọ́n sókè. Èmi náà padà sídìí kẹ́ẹ̀gì mi.

Ó ti ń lọ sí aago méje kó tó ní, “Oní-fọ́tò, fọ́tò dà?”

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ya irú èyí: omi tó ń dán máa ń tan kámẹ́rà jẹ. Kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú aláwọ̀ dúdú á wá di èédú. Ara ojú Bàbá ni mo ti wọn ìmọ́lẹ̀, mo fi omi sílẹ̀ kó funfun bó ṣe wù ú. Fún ọwọ́ tó ń yọ ẹja, kí ojú kámẹ́rà ṣí fún 1/500 ìṣẹ́jú àáyá ti tó. Fún omi tí ọkọ ọmọ ń dà nù, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 1/60 kó lè fà bí aṣọ. Lẹ́ńsì kan ṣoṣo ni mo gbé, 35mm, torí ẹni tó bá ń pààrọ̀ lẹ́ńsì nínú eruku ọyẹ́ á fi ọ̀sẹ̀ kan nu sẹ́ńsọ̀, ibi tí àwòrán ń bọ́ sí nínú kámẹ́rà.

Mo ti ń gbádùn ara mi nígbà tí Bàbá ké: “Fi sílẹ̀!” Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọkọ̀ ti mì, mo ti fi ọwọ́ òsì di àwọ̀n tútù mú, òjìjí kan sì wà nínú rẹ̀ tí kò gùn ju apá ọmọdé lọ. Ó gbọ̀n mí láti ọwọ́ dé èjìká, eyín mi kọlu ara wọn, ìdérí lẹ́ńsì mi bọ́ sómi títí ayérayé. Òjìjí ńlá lè tu iná tó 350 fólítì; kékeré ni tèmi, mo dúpẹ́. Ọkọ ọmọ Bàbá rẹ́rìn-ín títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé ọkọ̀ á dojú dé. “NEPA ò gbé e wá láti àná, òjìjí ti gbé e wá!”

Ẹja ọjọ́ náà kò kún báàfù kan. Epiya ló pọ̀ jù, àrọ̀ mẹ́rin, ọ̀bọ̀kún méjì, àti oníná yẹn. Ìyàwó Bàbá ń dúró létí omi. Kí aago mẹ́jọ tó lù, ó ti ta gbogbo rẹ̀ fún obìnrin kan tó gbé e lọ sí Sábó, ₦23,000. Wọ́n yọ owó òwú àwọ̀n kúrò ná, kí wọ́n tó pín in. Ó kó epiya mẹ́ta sínú ọ̀rá, ó ní kí n gbé e fún Màmá. “Owó omi tó o gbọ́n nìyẹn.”

Ọjọ́ Kẹta, Ọjọ́rú

Gbogbo èjìká ń ro mí. Iná kò sí ní Modákẹ́kẹ́, mo gbé bátìrì lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan tó ní jẹnẹrétọ̀, ₦200 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Níbi tí mo jókòó sí, mo ń ka ìwé lórí fóònù nípa àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú wa. Sebastião Salgado ará Bràsíìlì, tó kú lọ́dún 2025, ti kọ́kọ́ jẹ́ onímọ̀ ọrọ̀ ajé kó tó di oní-fọ́tò. Ó ya àwọn apẹja tuna ní Sísílì. Ṣùgbọ́n Corey Arnold ará Amẹ́ríkà ni ọkàn mi bá lọ. Apẹja ni òun alára. Ó ti ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ tó ń mú akàn nínú òkun Bering, ó sì ń pẹja salmon ní Alaska. Mo wo ọwọ́ mi tí kẹ́ẹ̀gì ti bó. Ọjọ́ kan péré ni tèmi.

Nírọ̀lẹ́ mo padà sí Ọ̀pa. Bàbá ti lọ síbi ìkómọ; ọkọ ọmọ rẹ̀ nìkan ni mo bá, ó ń fi òwú dí ihò mẹ́ta tèmi. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kò tó nǹkan. Mo ya ibi tó ti ń dí i, ó fi ìka ẹsẹ̀ fa àwọ̀n le, abẹ́rẹ́ igi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí i pé ojú mi ò kúrò lára àwọ̀n jíjù kan tó so kọ́ lára igi.

“Ṣé kí n jù ú fún ẹ?”

Ó yẹ kí n ní rárá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo tún júwe ibi tí mo fẹ́ kó dúró sí, níbi tí oòrùn ti pupa jù. Ó jù ú lẹ́ẹ̀marùn-ún, mo fi 1/1000 yà á. Ẹ̀ẹ̀kẹrin pé: àwọ̀n tẹ́ bí abọ́, omi ń kán lára rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, oòrùn wà láàárín gbùngbùn. Kò mú ẹja kankan. Inú mi dùn dé ilé.

Ọjọ́ Kẹrin, Ọjọ́bọ̀

Púpọ̀ nínú ẹja tútù tí à ń jẹ nílùú kì í ṣe ti adágún, inú oko ẹja ló ti ń wá. Ẹni tó bá sọ pé òun ya apẹja Ifẹ̀ tí kò débẹ̀, kò tíì yà wọ́n tán. Ọmọ Màmá mú mi lọ sí oko kan lójú ọ̀nà Oǹdó lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ kó àrọ̀.

Wọn kò fún àwọn ẹja náà lóúnjẹ láti àná, kí inú wọn lè mọ́, kí wọ́n má baà kú lọ́nà. Wọ́n ti fa omi kúrò títí tó fi kù dé orúnkún. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́fà tò, wọ́n wọ́ àwọ̀n láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ẹrẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ míì tí mo lè fi sọ ọ́. Àrọ̀ tó tó itan ọmọdé ń yí lórí ara wọn, irùngbọ̀n wọn ń nà, ẹrẹ̀ ń ta sókè bí epo àkàrà. Àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́ bíi tiwa, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè kú nínú ọ̀rá àwọn alájàpá.

Ẹsẹ̀ mi yọ̀. Mo gbé kámẹ́rà sókè, ìyókù ara mi wọlé tọ ẹja lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó wá rajà ló fa apá mi jáde, ó bu omi sí mi lórí bí ẹni ń wẹ ọmọ, ó tún fún mi ní ìró kan kí n ró o mọ́dìí. Ìró yẹn ni mo fi ṣiṣẹ́ dé ọ̀sán. Àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyẹn ò sì bẹ̀rù kámẹ́rà mi mọ́. Ta ló ń bẹ̀rù ọkùnrin tó ró aṣọ àǹkárá olódòdó?

Ìjà gidi wà nídìí òṣùwọ̀n. ₦3,800 ni kílò kan. Olóko ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, ìyá tó fa mi jáde gbé tirẹ̀ wá láti ilé. Báàfù kan náà ni wọ́n gbé lé méjèèjì: tolóko ní 42, tìyá ní 39. Ariwo ta. Mi ò gbé kámẹ́rà sójú níbẹ̀. Akinbode Akinbiyi, ọmọ wa tó ti ń fẹsẹ̀ rin ìlú kiri fi ya fọ́tò láti ọjọ́ pípẹ́, irú kámẹ́rà Rolleiflex tí wọ́n ń wò láti òkè ló ń lò, ní ìbàdí. Ojú rẹ̀ kì í bò mọ́ ẹ̀yìn irin. Mo sọ tèmi náà kalẹ̀ sí ìbàdí, mo ṣí ojú rẹ̀ kékeré tó ń yí sókè, mo sì yà á láìwo ẹnikẹ́ni lójú. Wọ́n parí rẹ̀ sí 40 àti ààbọ̀. Ìyá fi ẹja kan tó ti kú béèrè èènì, wọ́n fún un.

Nígbà tí mo fẹ́ dá ìró padà, ó ní kí n fọ̀ ọ́ ná.

Ọjọ́ Karùn-ún, Ẹtì

Mo tẹ fọ́tò méjìlá ní Lagere, ₦400 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ fún wọn. Fóònù Bàbá, iná ìléwọ́ nìkan ló fi ń ṣe, fọ́tò orí WhatsApp kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo bá wọn lábẹ́ igi, ìyàwó Bàbá ń yan ẹja lórí ààrò, èéfín bò wá. Mo fi èyí tó dáa jù lójú tèmi sókè pátápátá: àwọ̀n tó tẹ́, oòrùn láàárín. Ọkọ ọmọ rẹ̀ kàn ń wo ilẹ̀. Bàbá na fọ́tò náà jìnnà sójú, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

“Ta ló ju èyí?”

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

“Orí kùkùté ló jù ú sí. Wo bí omi ṣe ṣẹ́ níbẹ̀ yẹn.” Ó fi èékánná tọ́ka sí ìlà tín-ín-rín kan tí mi ò rí láti Ọjọ́rú. “Ta ló ń ju àwọ̀n sórí kùkùté? Àwọ̀n náà ńkọ́, ṣé ó ya?”

Ó ya. Ọkọ ọmọ rẹ̀ kò sọ fún mi ni. Mo ní èmi ni mo ní kó dúró síbẹ̀, mo sì san ₦3,000 fún òwú. Bàbá gbà á láìsọ̀rọ̀, ó ń ṣí fọ́tò yòókù lọ. Ó dúró lórí ọ̀kan tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má tẹ̀: àtàǹpàkò rẹ̀ lórí etí epiya, ojú rẹ̀ kò pé sínú fọ́tò, ẹ̀yìn rẹ̀ sílípáàsì tó ní ojú ìka ẹsẹ̀. Ó wò ó pẹ́. “Èyí ni mo fẹ́.” Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó kì í bọ inú rẹ̀, ó dé e padà.

Mo wọ ọkọ̀ Ìbàdàn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. ₦3,500, agbèrò tibí kò gba owó àpò. Kí n tó kúrò, oníbàárà kan ti dé tó fẹ́ gba àrọ̀ yíyan láwìn. Ìyàwó Bàbá wá ìwé títí, kò rí. Ó mú fọ́tò oòrùn àti àwọ̀n tèmi, ó dojú rẹ̀ dé orí itan, ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀: Ìyá onírẹsì, ₦4,000, Ajé tó ń bọ̀.